Ìkìlọ̀: ẹ má sọ irú ajá tẹ́ ẹ fẹ́ fún ẹni tó fẹ́ tà á fún yín

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣọ́ra o. Ọkùnrin kan wà nílùú Ìbàdàn níbí tó ń ta ọmọ ajá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Orúkọ tó sọ fún wa àti èyí tó jáde nígbà tá a fẹ́ sanwó sí àkáǹtì rẹ̀ ò bára mu, ó sì ṣeé ṣe kó ti yí méjèèjì padà kẹ́ ẹ tó ka èyí tán. Ọwọ́ tó fi ń ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mọ̀.

Èmi àti ọkọ mi ò tíì bímọ. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí la máa ń jáde nílé, a ó sáré dé ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, a ó sáré padà kí oòrùn tó mú. Tá a bá ráyè lópin ọ̀sẹ̀, òkè la máa ń lọ gùn. A ti gun Olúmọ, a ti gun òkè Ìdànrè títí ẹsẹ̀ mi fi kọ̀ mí sílẹ̀. Níbi tá a ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdànrè lọ́jọ́ náà ni ọkọ mi ti sọ pé, "Àjọkẹ́, ajá ló kù tá a ò ní." Mo rò pé àwàdà ni. Kí oṣù yẹn tó parí, a ti ń wo àwòrán ajá lórí fóònù ní gbogbo alẹ́.

Lórí WhatsApp ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wa la ti rí nọ́ńbà ọkùnrin yìí. Bá a ṣe pè é báyìí, kò tíì sọ̀rọ̀ ajá rárá tó ti ń bi wá léèrè. "Mọ́mì, irú ilé wo lẹ̀ ń gbé? Ṣé ó ní ọgbà? Ṣé ọmọdé wà níbẹ̀? Kí lẹ fẹ́ máa fi ajá náà ṣe?" Orí mi wú. Mo ní ọkùnrin yìí mọṣẹ́, kì í ṣe ẹni tí owó nìkan wà lójú rẹ̀. Mo bá tú gbogbo ara mi sílẹ̀ fún un: a máa ń sáré, a máa ń gun òkè, a ò ní ọmọ, a ò sin ajá rí.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, Ọlọ́run ló darí yín wá. Mo ní Malinois, ajá táwọn sójà Amẹ́ríkà mú lọ síbi tí wọ́n ti pa Osama. Ajá eré ni. Ẹ lè máa bá a sáré láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn o. Belgian Malinois kan tí wọ́n ń pè ní Cairo bá àwọn sójà náà lọ lọ́dún 2011. Òótọ́ kékeré báyìí ni wọ́n fi ń wé irọ́ ńlá. Ohun tí kò sọ ni pé ajá iṣẹ́ ni Malinois, ajá ọlọ́pàá àti ti sójà ni. Ẹni tí kò tọ́ ajá rí, tó lọ mú irú rẹ̀ wálé, tí kò fún un níṣẹ́ ṣe, á bá ìjókòó pálọ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló yẹ kó lé mi sá. Ọmọ ajá wo lẹ óò máa bá sáré láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Eegun ajá ńlá ò gbó tó eré ọ̀nà jíjìn títí á fi pé oṣù 12 sí 18. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣì ń bọ̀.

280,000 náírà ló pè é. A ná an di 250,000. A lọ mú un lọ́jọ́ Sátidé.

Kò jẹ́ ká wọ ẹ̀yìnkùlé. Ó ní ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, inú ń bí i, kò fẹ́ àlejò. Fàráńdà ló ti gbé ọmọ ajá méjì jáde fún wa nínú bàsíà búlúù kan. Òórùn ìsáàlì gba gbogbo ibẹ̀ kan, èmi náà ń sọ fún ọkọ mi pé, "Ẹ rí i bí ibí yìí ṣe mọ́." Èyí tá a mú ní funfun lẹ́sẹ̀ òsì iwájú bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan. Bí mo ṣe gbé e, kò jà, kò wo ojú mi, ó gbórí lé mi lápá ó sùn. Mo ní ó ti mọ̀ mí. Àṣé àìsàn ló ń ṣe é.

Ó fún wa ní káàdì abẹ́rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí káàdì náà ṣe rí, torí òun gan-an ló bá mi débi tí mo fi ń kọ èyí. Sítíkà mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: mẹ́ta fún abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbà léraléra, ọ̀kan fún ti dìgbòlugi. Bírò kan náà ni wọ́n fi kọ ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọwọ́ kan náà, kódà ibi tí yíǹkì ti fẹ́ tán nídìí ìlà kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ wínníwínní dé ìlà kẹrin. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní àwọn fi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì gbà! Òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò kan wà nísàlẹ̀, ó ní orúkọ dókítà àti nọ́ńbà fóònù. A ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ló ń wo káàdì nígbà tí ọmọ ajá bá ń sùn lápá rẹ̀?

Ẹ̀fúùfù la sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídé, kò jẹun àárọ̀. Nírọ̀lẹ́, ó bì lẹ́ẹ̀mẹta, omi aláwọ̀ òfeefèé. Ìdájí Tọ́sídé ni òórùn jí wa. Ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, òórùn rẹ̀ ò sì jọ ti ìgbẹ́ ajá, ó dà bíi ti nǹkan tó ti kú tipẹ́. A ò sáré láàárọ̀ ọjọ́ náà. A gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Bí dókítà ṣe gbọ́ òórùn náà, kò tíì fọwọ́ kan ajá tó fi ní, "Parvo ni." Àìsàn tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì kan ń fà ni, ìfun ọmọ ajá ló máa ń bà jẹ́. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, òun náà ni. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kó má baà máa bì. Lẹ́yìn náà, wọ́n la ẹnu rẹ̀ wò. "Ọ̀sẹ̀ mélòó ni wọ́n ní ó jẹ́?" Mo ní mẹ́wàá. Dókítà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Wọ́n ní tí ọmọ ajá bá ti pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, gbogbo eyín ọmọdé rẹ̀ á ti jáde, 28 ni. Ti Ẹ̀fúùfù, àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí ni. Wọ́n ní kò lè ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ.

Wọ́n gba káàdì, wọ́n kà á sẹ́yìn pẹ̀lú ìka. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, wọn ò tíì bí i.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé yín dáadáa. Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ọmọ ajá ti ń bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á máa tún un gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin síra wọn títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, bí oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó bá ta ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá fún yín pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ti "pé", ó ti purọ́ fún yín lójú ara yín. Parvo náà kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ajá lónìí kó dá a wó lónìí. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje, nígbà míì ó tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó fojú hàn. Tiwa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin, a ò sì ní ajá míì nílé, bẹ́ẹ̀ la ò gbé e jáde. Lójú dókítà, ibi tó ti wá ló ti gbé e bọ̀.

Orí bẹ́ńṣì tá a jókòó sí ni nǹkan ti wá yé mi. Obìnrin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ajá tirẹ̀ nínú páálí, òun náà ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ti ọ̀tún. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo lẹ ti rà á?" A fi fóònù wéra. Nọ́ńbà kan náà. Bàsíà búlúù kan náà wà nínú àwòrán tó fi ránṣẹ́ sí i. Obìnrin náà ní ọmọ mẹ́ta, ó sì ti sọ fún ọkùnrin náà pé ajá tí kò ní gé ọmọ òun jẹ lòun ń wá. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi tà á fún un? "Labrador ni mà, ajá ọmọdé ni."

Ọmọ ìyá kan náà! Malinois lọ́dọ̀ èmi tí mo ń sáré, Labrador lọ́dọ̀ ìyá ọlọ́mọ. Ká ní bàbá arúgbó ló pè é, bóyá ajá tó ń sinmi ni wọn ì bá jẹ́. Ìdí tó fi ń béèrè nìyẹn. Ẹni tó mọ ajá lóòótọ́ máa ń béèrè bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n òun á sọ fún ẹlòmíì pé, "Èyí tí mo ní ò bá yín mu, ẹ máa lọ." Ọkùnrin yìí, kò sẹ́ni tí ajá rẹ̀ ò bá mu. Nítorí náà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè: kí lẹ ní nílẹ̀, kí ni ìyá wọn, kí ni bàbá wọn? Ẹ jẹ́ kó sọ tán, kẹ́ ẹ tó sọ nǹkan kan nípa ara yín.

Ẹ̀fúùfù kú lóru Fúráìdé. 85,000 la ná sí ìtọ́jú rẹ̀. Dókítà wo òkú rẹ̀ títí, wọ́n ní àwọn ò rí Malinois kankan níbẹ̀, pé ajá ìbílẹ̀ tó ní àdàlù díẹ̀ ni.

Nígbà tá a pe ọkùnrin náà, ó ní a ò mọ ajá tọ́jú ni. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní àánú wa ṣe òun, ká mú 120,000 wá ká gba òmíràn. Ẹ gbọ́, ibi tó burú jù nìyí, torí ọ̀pọ̀ ló ń padà lọ. Kòkòrò parvo lè wà nínú ilẹ̀ títí di ọdún kan. Ọṣẹ lásán ò pa á. Omi bílíìṣì tá a fi ń fọ aṣọ funfun ló ń pa á, ìwọ̀n kan sínú omi ìwọ̀n 30, ìyẹn náà lórí símẹ́ǹtì àti táìlì, kì í ṣe lórí iyẹ̀pẹ̀. Ilé tiẹ̀ ti díbàjẹ́, ilé tiwa náà ti díbàjẹ́. Òmíràn tó fẹ́ fún wa, ikú ló ń lọ. Ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ò tíì pé kò gbọ́dọ̀ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà jìbìtì kan tún wà tí kò tiẹ̀ ní ajá nínú rárá. Ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi. Wọ́n ní ajá wà ní Jọ́ọ̀sì, kó san àsansílẹ̀. Ó san. Wọ́n ní owó wéèbíìlì. Ó san. Owó àgò tí wọ́n máa fi gbé e, ó san. Ní gáréèjì, wọ́n ní "abẹ́rẹ́ ìrìnàjò" ló kù. Ẹ má fowó ránṣẹ́ fún ajá tẹ́ ẹ ò tíì fọwọ́ kàn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ tọkọtaya bíi tiwa, tẹ́ ẹ fẹ́ ajá tó máa bá yín sáré: oòrùn ilẹ̀ wa ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀. Husky tó wá láti Siberia, Caucasian onírun ńlá, Bulldog tí imú rẹ̀ ti wọlé sínú ojú, ẹ má gbé ìkankan nínú wọn lọ sójú títì fún eré. German Shepherd lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ bi dókítà nípa ìgbáròkó rẹ̀, wàhálà ibẹ̀ pọ̀ lára wọn. Boerboel ti Gúúsù Áfíríkà, ajá ẹ̀ṣọ́ ni, kì í ṣe ti ẹni tó ń kọ́ ajá títọ́.

Ṣé kí n sọ òótọ́? Ajá ìbílẹ̀ wa, èyí tí wọ́n ń pè ní "ekuke" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló dára jù fún eré. Irun rẹ̀ kúrú, imú rẹ̀ gùn, ara rẹ̀ fúyẹ́. Àwọn ọdẹ wa ò dúró de ajá òkèèrè kí wọ́n tó wọ igbó. Ohun tó dùn mí ni pé ajá tó bá wa mu gan-an ni ọkùnrin yẹn ní lọ́wọ́. Ká ní ó tọ́jú rẹ̀, kó gba 20,000, kó sọ orúkọ rẹ̀ gan-an, ì bá ti bá wa sáré báyìí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ rí ìyá rẹ̀ ná. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀kan láìsọ tẹ́lẹ̀. Ẹ má gba ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó tán, ẹ jẹ́ kí dókítà tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá la ẹnu rẹ̀ wò, kì í ṣe dókítà tẹni tó ń tà á.

Ọ̀rọ̀ dókítà ló rán mi létí òǹtẹ̀ yẹn. Nígbà tá a sin Ẹ̀fúùfù tán, ọkọ mi tẹ nọ́ńbà tó wà lára káàdì láti bi dókítà náà léèrè. Orin ìyìn kan ló ń dún kí wọ́n tó gbé e, orin kan náà tó ń dún tá a bá pe ẹni tó ta ajá. Lẹ́yìn náà, ohùn kan náà ní, "Dókítà ló ń sọ̀rọ̀."

Tí òǹtẹ̀ aláwọ̀ àlùkò bá wà lára káàdì tiyín, ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀ lónìí. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ orin ìyìn, ẹ máa gbé ọmọ ajá yín lọ sọ́dọ̀ dókítà gidi, ẹ má dúró dìgbà tó bá kọ oúnjẹ.