Àgbéyẹ̀wò Scubapro MK2 pẹ̀lú R195: bí ìpele méjèèjì ṣe lè bára mu kí èémí já geere

Bí rẹgulétọ̀, ẹ̀rọ tí òmùwẹ̀ fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà lábẹ́ omi, bá ń fún un ní èémí tipátipá, ìpele kejì tó wà lẹ́nu ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ tú. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Adágún Ọyán àti Odò Ògùn ni mo ti ń lo MK2, tí í ṣe ìpele kìíní, pẹ̀lú R195, tí í ṣe ìpele kejì, ohun tí mo sì fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ ni pé ìpele kìíní, èyí tó so mọ́ sìlíńdà, ló ń darí èkejì.

MK2 kì í ṣe balanced, ìyẹn irú èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í yí padà bí prẹ́ṣọ̀ tó ń wọ inú rẹ̀ bá yí. Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń ti pístọ̀nù rẹ̀, nítorí náà bí sìlíńdà bá ṣe ń tán ni prẹ́ṣọ̀ àárín, èyí tó ń gba inú họ́ọ̀sì lọ sẹ́nu, ń wálẹ̀. Tí sìlíńdà bá wà ní bar 200 (bar ni òṣùwọ̀n prẹ́ṣọ̀), ẹ retí nǹkan bíi bar 9 sí 10. Tó bá ku bar 50, ẹ ó rí i lójú gééjì pé ó ti dín kù. R195 náà kì í ṣe balanced: prẹ́ṣọ̀ yìí ń ti fáàfù rẹ̀ kó ṣí, sípíríǹgì ń tì í padà kó dé. Bí prẹ́ṣọ̀ bá lọ sílẹ̀, sípíríǹgì á borí, èémí á le. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí sìlíńdà tó kún nìkan la ti ń tún un ṣe. Ẹni tó bá mú un fúyẹ́ lórí sìlíńdà tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, afẹ́fẹ́ á máa tú dànù lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá gbé èyí tó kún.

Gééjì tí ẹ máa lò gbọ́dọ̀ lè ka tó bar 20, kó sì bá họ́ọ̀sì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú BCD, ẹ̀wù tí òmùwẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè léfòó, mu. Gééjì táyà ọwọ́ fọkanáísà kò tó. (Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fọkanáísà rọ afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà tí èèyàn máa mí láéláé. Òróró ẹ̀rọ wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn.) Ẹ ṣí sìlíńdà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tẹ bọ́tìnì iwájú R195 ní ìgbà mẹ́wàá sí ogún. Abẹ́rẹ́ gééjì yóò já wálẹ̀, yóò padà sókè, yóò sì dúró gbọn-in. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìpele kìíní dára. Tó bá ń rá gorí díẹ̀díẹ̀, ike tó ń dí ihò ti gé, tàbí ẹnu ihò ti ya. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí a máa fún ìpele kejì le kí ariwo lè dákẹ́, àìsàn la ń bò mọ́lẹ̀ yẹn.

Lẹ́yìn èyí ló kan R195. Ẹ ti sìlíńdà, ẹ tú prẹ́ṣọ̀ dànù, ẹ yọ họ́ọ̀sì. Screwdriver tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ń yí ihò fáàfù láti ibi tí họ́ọ̀sì ti wọlé. Ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń yí i, torí etí ihò yẹn mú bí abẹ, ó sì lè gé rọ́bà. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa so họ́ọ̀sì padà kí ẹ sì ṣí sìlíńdà láti gbọ́ ọ, títí tí yóò fi máa súfèé, kí ẹ wá máa dè é padà títí tí yóò fi dákẹ́, kí ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́jọ àyíká kan lé e. Rọ́bà tuntun máa ń fara mọ́ ẹnu ihò, nítorí náà ẹ tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ kejì.

Bí a ó ṣe wọn fífúyẹ́ rẹ̀ kò wọ́n. Họ́ọ̀sì funfun tí àwọn bíríkìlà fi omi sí láti fi wọn ìpele ilé tó. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bíi lẹ́tà U, ẹ da omi sí i, ẹ so etí kan mọ́ ibi ìfẹnusí pẹ̀lú àsopọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta (T), kí ẹ máa fà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyàtọ̀ gíga omi nínú apá méjèèjì ní àkókò tí afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ni ẹ ń wò. Mo ń fi èyí tí mo ń mí sí sẹ̀ǹtímítà 3 sí 3.5, mo sì ń fi ti àfikún tó wà fún ọ̀rẹ́ sí nǹkan bíi 4.5. Ẹ má ṣe lọ sábẹ́ 2.5. Odò Ògùn nígbà òjò ń sáré. Bí ìṣàn bá dojú kọ rọ́bà iwájú, tàbí tí ìfẹnusí bá kọjú sókè, afẹ́fẹ́ á máa tú láìdá.

Ẹrẹ̀ tún wà níbẹ̀. Inú yàrá sípíríǹgì MK2 ṣí sí omi, ẹrẹ̀ sì ń wọlé. Kí a rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, láìtẹ bọ́tìnì, pọn dandan. Iyanrìn kan ṣoṣo lábẹ́ rọ́bà tí èémí ń gbà jáde tó láti jẹ́ kí omi wọ ẹnu. Àwọn kan á rò pé ìtúnṣe ni kò dára.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí pé àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń fara da omi dídọ̀tí. Ẹni tó ń lọ sí mítà 30, tàbí tí èèyàn méjì lè máa mí lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí sìlíńdà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kó fi owó rẹ̀ kún ìpele kìíní tó jẹ́ balanced kó tó ronú kan ìpele kejì tó wọ́n bíi G260. Ẹ kọ prẹ́ṣọ̀ àárín ní bar 200 àti ní bar 50, pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà tí omi kà, sórí ìwé tó wà nínú àpò rẹgulétọ̀, kí ẹ lè fi wé ti ìgbà mìíràn.