Ìwo Pinard, Doppler Alágbèéká àti Ẹ̀rọ CTG: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Bí oṣù ọmọ inú oyún bá ti ń pé, tí ara rẹ̀ sì le, ọkàn rẹ̀ sábà máa ń lù láàárín ìgbà 110 sí 160 ní ìṣẹ́jú kan, ohun èlò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló sì lè jẹ́ kí a mọ iye náà. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ohun mìíràn tí wọ́n lè fi hàn, àti irú ẹni tó gbọ́dọ̀ wà nídìí wọn.

Ìwo Pinard, ìwo kékeré tí agbẹ̀bí ń gbé lé ikùn aláboyún kó lè gbọ́ ọkàn ọmọ, tí dókítà ará Faransé náà, Adolphe Pinard, gbé jáde ní 1895, kò ní bátìrì, kò sì ní wáyà. Ìró ọkàn ọmọ gan-an ló ń gbé wá sí etí agbẹ̀bí, ìdí nìyí tí mo fi fọkàn tán an. Àmọ́ kì í sábà gbọ́ nǹkan kan kí oyún tó pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 18 sí 20, ìyá kò lè bá agbẹ̀bí gbọ́ ọ, ó sì ṣòro láti lò bí aláboyún bá lóṣòó tàbí tó kúnlẹ̀.

Doppler, ẹ̀rọ kékeré tó ń fi ìgbì ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wá ìlù ọkàn ọmọ, rọrùn ju ìyẹn lọ. Ó lè gbọ́ ọkàn ọmọ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12, gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá ló sì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun tí à ń gbọ́ jẹ́ ìró tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣe láti ara ohun tó ń mira nínú ikùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ìyá àti ti ibi ọmọ náà ń ṣàn. Nítorí náà, agbẹ̀bí gbọ́dọ̀ di ọwọ́ ìyá mú, kó ka ìlù ọkàn tirẹ̀ pẹ̀lú, kó má bàa fi ti ìyá pe ti ọmọ. Ẹ ra èyí tó ń fi iye hàn lójú rẹ̀, tí omi kò lè ba orí rẹ̀, ìyẹn apá tí à ń gbé lé ikùn, jẹ́. Orí tí ìgbì ìró rẹ̀ jẹ́ 2 MHz (megahertz) dára fún oyún tó ti dàgbà, oní-3 MHz fún èyí tó ṣì kéré.

Mo bẹ ẹ̀yin aláboyún, ẹ má ra Doppler sílé. Ní 2014, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ nípa rẹ̀. Bí ọmọ kò bá mira bó ti ṣe ń mira tẹ́lẹ̀, gbígbọ́ ìlù ọkàn rẹ̀ kò fi hàn pé àlàáfíà ló wà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀rọ CTG (cardiotocograph) ló ń sọ̀rọ̀ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti ṣì kà. Ó ń ya ìlù ọkàn ọmọ àti ìsúnkì ilé-ọmọ sórí bébà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àkókò ìsúnkì ni orí tí wọ́n ń dè mọ́ ikùn ń fi hàn, kì í ṣe agbára rẹ̀. Ẹni tó ń kà á á wo bóyá ìlù náà ń lọ sókè sódò ní ìwọ̀n ìlù 5 sí 25 ní ìṣẹ́jú kan, bóyá ó ń sáré sókè nígbà mìíràn, àti ìgbà tó ń lọ sílẹ̀. Ìlọsílẹ̀ tó bá ìsúnkì rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin sábà máa ń wá láti inú títẹ̀ tí orí ọmọ ń tẹ̀. Èyí tó ń já lulẹ̀ lójijì, tí ìrísí rẹ̀ kò dúró sójú kan, sábà máa ń wá láti inú fífún okùn ìwọ́. Èyí tó ń pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, tí kò sì tíì padà sípò nígbà tí ìsúnkì ti tán, lè jẹ́ àmì pé afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kò tó ọmọ. Ẹ béèrè bí bébà ṣe ń yára tó, torí pé ìlù kan náà kò jọra lórí sẹ̀ǹtímítà 1 àti 3 ní ìṣẹ́jú kan.

Ìwádìí fi hàn pé lílo CTG láìdáwọ́dúró ń dín gìrì kù lára ọmọ tuntun, ó sì ń mú kí iṣẹ́ abẹ ìbímọ pọ̀ sí i, láìsí ẹ̀rí tó dájú pé ó ń dín ikú ọmọ kù. Fún aláboyún tí kò ní ewu kan pàtó, gbígbọ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìsúnkì, ní ìṣẹ́jú 15-15 nígbà tí ìrọbí bá ti múlẹ̀ àti 5-5 nígbà tó bá ń tì, ti tó. Agbẹ̀bí bẹ́ẹ̀ kò nílò ju Doppler tó dára kan pẹ̀lú ìwo Pinard lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó ní ẹni tó lè ka ìlà rẹ̀ tọ̀sán-tòru, tó sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ láìfi falẹ̀, ni kó ra CTG, kó sì rí i dájú pé òun á máa rí bébà àti orí mìíràn rà kó tó sanwó.