No Man's Sky lẹ́yìn ìbínú ọdún 2016: àgbéyẹ̀wò láti ọwọ́ ẹni tó ń gbá a

Ẹni tó bá ra No Man's Sky lónìí, géèmù tó kún ni yóò bá. Mo fẹ́ sọ èyí ṣáájú ohun gbogbo, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń fi ojú ọdún 2016, nígbà tó jáde láìpé, wò ó, wọ́n ní àwọn ò lè náwó sórí ohun tí gbogbo ayé ti bú. Mo ti ń gbá a tipẹ́, mo sì ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ bó ṣe dùn tó nìkan, mi ò tíì sọ nǹkan kan. Ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbà dá àwọn oníbàárà tí inú ń bí lóhùn ló sọ ọ́ di ohun tó jẹ́, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe fíìmù, eré orí tẹlifíṣọ̀n tàbí géèmù kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, tibi tire.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ó jí lórí pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Ọkọ̀ òfuurufú yín ti bàjẹ́, agbára aṣọ tí ẹ wọ̀ sì ń dín kù nítorí ooru, otútù tàbí májèlé inú afẹ́fẹ́. Ẹ ó wá àwọn èròjà bíi sodium àti carbon káàkiri, ẹ ó tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ ó gbéra. Ibẹ̀ ni géèmù yìí ti gba ọkàn mi. Bí ẹ ṣe ń lọ sókè ni ilẹ̀ á máa kéré, ojú ọ̀run á máa ṣú, títí ẹ ó fi bá ara yín láàárín ìràwọ̀, láìsí pé géèmù náà dúró lẹ́ẹ̀kan láti ní kí ẹ ṣe sùúrù. Iye pílánẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 18 lọ́nà bílíọ̀nù kan. Kò sẹ́ni tó jókòó yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan; ìṣirò ni kọ̀ǹpútà fi ń bí òkè, omi, igi àti ẹranko wọn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ yín ló kù sí. Ẹ lè kọ́lé, ẹ lè ṣòwò, ẹ lè kó ọkọ̀ jọ, ẹ lè sin ẹranko. Ibùdó kan wà tó ń jẹ́ Anomaly, níbi tí àwọn tó ń gbá a káàkiri ayé ti ń pàdé, ẹni tó wà lórí PlayStation sì lè bá ẹni tó wà lórí kọ̀ǹpútà rìn. Ìjà inú rẹ̀ kò jinlẹ̀ tó lójú tèmi, ẹrù títò sínú àpò sì máa ń jẹ àkókò. Ẹni tó fẹ́ ìtàn tó ń sáré lè má fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Hello Games, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Guildford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi géèmù náà han ayé. Ìpolówó rẹ̀ tóbi ju ilé-iṣẹ́ náà lọ. Sean Murray, ọ̀gá wọn, ń dáhùn ìbéèrè lọ́tùn-ún lósì, ó sì jẹ́ kó yé àwọn ènìyàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹni méjì pàdé nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ máa ṣọ̀wọ́n. Nígbà tó jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2016, kò pẹ́ rárá tí ẹni méjì fi wá ara wọn rí, wọ́n dúró síbì kan náà, wọn ò sì rí ara wọn. Ariwo ta. Àwọn tó ń béèrè owó wọn pọ̀ lọ jàra. Àjọ tó ń mójú tó ìpolówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ojú ewé tí wọ́n ti ń tà á wò, wọ́n sì sọ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà pé kò tàpá sófin. Ìyẹn ò tu ẹni tó ti sanwó nínú.

Kí ni Hello Games ṣe? Wọ́n dákẹ́. Ọ̀pọ̀ oṣù lọ, wọn ò sọ ohun tó nítumọ̀ kan. Lónìí, àwọn ènìyàn máa ń yìn wọ́n fún ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n ní ṣe ni wọ́n gbájú mọ́ṣẹ́. Mi ò fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ló yẹ ká yìn. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi panu mọ́, oníbàárà kò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ń lọ àbí wọ́n ti kó owó lọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ì bá tó: a gbọ́ yín, nǹkan báyìí báyìí kò sí nínú rẹ̀, à ń ṣe é lọ́wọ́, ẹni tí kò bá lè dúró, ẹ gba owó yín.

Èsì mìíràn wà tó burú ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ géèmù kan nígbà kan rí pé ohun tí wọ́n polówó kò sí nínú ohun tí mo rà. Wọ́n fèsì pé inú àwọn dùn sí ìfẹ́ tí mo ní sí iṣẹ́ àwọn, pé irú wa ló ń gbé àwọn ró. Wọn ò mẹ́nu ba ohun tí mo béèrè rárá. Ó dùn mí, nítorí ó hàn gbangba pé kò sẹ́ni tó ka lẹ́tà mi.

Ohun tí Hello Games ṣe lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ wọn ni mo fi ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2016, àtúnṣe ńlá àkọ́kọ́ dé, ilé kíkọ́ sì wọlé. Ní ọdún 2017, ẹni tó wà nítòsí yín fara hàn, ṣùgbọ́n bí iná kékeré tó ń fò nínú afẹ́fẹ́. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àwọn tó ń gbá a wá rí ara wọn lójúkojú, wọ́n lè jọ kọ́lé, wọ́n lè jọ rìn. Ohun tí àwọn ènìyàn pariwo lé lórí gan-an ni Hello Games lọ tún ṣe, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lé e. Láti ìgbà náà títí di òní, àtúnṣe ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọdún 2019, àwọn olólùfẹ́ géèmù náà dáwó jọ, wọ́n gba pátákó ìpolówó kan nítòsí ọ́fíìsì Hello Games láti fi dúpẹ́. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, àròpọ̀ ìdíyelé àwọn tó rà á lórí Steam, ọjà géèmù orí ayélujára, títí kan ti ọdún 2016 tó korò bí ewúro, ti di rere púpọ̀.

Síbẹ̀, Square Enix, ilé-iṣẹ́ géèmù kan ní Japan, ni mo rò pé ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Final Fantasy XIV, géèmù wọn tí wọ́n ń sanwó oṣooṣù láti gbá, jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, àwọn ènìyàn kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n tọrọ àforíjì ní gbangba, wọ́n dá owó oṣooṣù dúró fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà lé Naoki Yoshida lọ́wọ́ kí ọdún náà tó parí. Ọkùnrin yìí ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń gbá a, ó ń sọ ohun tó bàjẹ́ àti ìgbà tí yóò di àtúnṣe. Wọ́n ti géèmù náà pa ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, wọ́n sì tún un kọ́ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tó padà dé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2013, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ jọ ń rìn pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá fi wé EA, ilé-iṣẹ́ géèmù mìíràn, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2017. Àwọn ènìyàn ń bínú pé ó ń pẹ́ jù kí ọwọ́ tó tẹ àwọn akọni inú géèmù wọn, Star Wars Battlefront II, ilé-iṣẹ́ náà sì fèsì pé àwọn fẹ́ kí oníbàárà ní ìmọ̀lára àṣeyọrí ni. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 ìbò àtakò tó wọlé sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn lórí Reddit, ìkànnì tí àwọn ènìyàn ti ń jíròrò. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ẹni tó ní ohun ń dun òun, wọ́n ń ṣàlàyé fún un pé ó yẹ kó dùn mọ́ ọn. Kí géèmù náà tó jáde, wọ́n ti dá ohun tí wọ́n ń fi owó gidi tà nínú rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́.

Mi ò sọ pé ohun gbogbo tí olólùfẹ́ bá fẹ́ ni kí ilé-iṣẹ́ ṣe. Bí wọ́n bá ṣèlérí ohun kan tí wọn ò fi síbẹ̀, gbèsè ni, kí wọ́n san án. Bí ojú nǹkan kò bá dára, tí àkókò sì wà, kí wọ́n tún un ṣe, bí àwọn tó ṣe fíìmù Sonic ṣe ṣe ní ọdún 2019 tí wọ́n tún àwòrán Sonic, akọni inú rẹ̀, yà, tí fíìmù náà sì sún láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì ọdún 2020. Ìtàn ní tirẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ ọ́. Ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan fọwọ́ sí ìwé pé kí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n HBO tún apá ìkẹyìn eré Game of Thrones ṣe, HBO kò gbà, mo sì rò pé wọ́n ṣe é re. Bí ìparí ìtàn kò bá yé àwọn ènìyàn, a lè là á yé wọn, bí ilé-iṣẹ́ BioWare ṣe ṣe fún géèmù wọn, Mass Effect 3, ní oṣù Kẹfà ọdún 2012: wọ́n fi àlàyé kún ìparí náà lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì fi ìparí mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èébú ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Nígbà tí Sean Murray kéde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016 pé géèmù òun yóò pẹ́ díẹ̀, àwọn kan kọ̀wé pé àwọn máa pa á. Wọ́n bú Kelly Marie Tran, òṣèré inú fíìmù Star Wars, títí ó fi pa gbogbo ohun tó wà lójú ewé Instagram rẹ̀ rẹ́ ní ọdún 2018. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà dé bá Moses Ingram, òṣèré Star Wars mìíràn, ní ọdún 2022, àwọn tó ni Star Wars jáde síta kíá, wọ́n dúró tì í. Bó ṣe yẹ nìyẹn: kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ gbèjà òṣìṣẹ́ rẹ̀, kó má dúró dọ̀la. Kí wọ́n má sì fi èébú àwọn asínwín díẹ̀ bo ẹnu ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó fi ọ̀wọ̀ sọ pé ohun tí àwọn rà kò pé.

Bí ẹ bá fẹ́ ra No Man's Sky, ẹ rà á. Ẹ má kánjú kúrò lórí pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, ẹ tètè lọ sí Anomaly, kí ẹ sì fi ìjà sílẹ̀ fún ìgbà tí ọkọ̀ yín bá lágbára. Hello Games ti kéde géèmù mìíràn, Light No Fire, láti oṣù Kejìlá ọdún 2023. Èmi yóò rà á. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sí ojú ewé tí wọ́n á ti máa tà á, kí ẹnikẹ́ni tó sanwó.