Ìkìlọ̀: Ẹ má ra irúgbìn "Ewéko Aláìmumi" o, ewéko inú àlọ́ ni wọ́n ń tà

Ẹ̀yin ará tí ẹ ń ra ewéko àti irúgbìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ìpolówó "Ewéko Aláìmumi" bá bọ́ sójú yín, ẹ yára kọjá. Nínú àwòrán rẹ̀, ewé náà jẹ́ búlúù, ó fẹ̀, ó ń tàn yanran lóru, oòrùn méjì sì wà lójú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn méjì! Ibi tó yẹ kí èèyàn ti fura nìyẹn. Ayàwòrán kan ló yà á fún ayé kan tó fi ọkàn rò, ayé tí òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, ó sì kọ ìtàn bí ewéko náà ṣe ń fa ìrì mu tó fi ń yè. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì dùn ún wò. Ohun tí gbájúẹ̀ yìí ṣe ni pé ó gé orúkọ ayàwòrán kúrò lábẹ́ àwòrán, ó gbé ìtàn rẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni, ó wá ní irúgbìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun.

Mo ti rí nínú àwọn àpò irúgbìn tó fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn. Òmíràn ò hù rárá. Èyí tó hù di koríko lásán. Nígbà tí àwọn tó rà á bèèrè, èsì kan náà ló fún gbogbo wọn: "Ẹ ní sùúrù, irúgbìn aginjù ni, oṣù mẹ́ta ló ń gbà kó tó yọjú." Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì náà wà. Ọ̀pọ̀ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní gbèdéke ọjọ́ tí òǹrajà lè fẹjọ́ sùn kó sì gba owó rẹ̀ padà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbèdéke ti kọjá, owó ti wọgbó. Ẹni tó bá tètè pariwo, ó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó fa ẹjọ́ náà yọ ná, òun á fi àpò méjì mìíràn ránṣẹ́. Tí ẹ bá lè fa ẹjọ́ yọ, kò ní dá yín lóhùn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká gbàgbé àwòrán, ká wo ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀. Ó ní ewéko náà kì í mu omi láéláé, ó ń ga dé ìbàdí èèyàn láàárín oṣù kan, ó sì ń yọ òdòdó yí ọdún po. Ẹni tó bá ti gbin ewéko aginjù rí máa rẹ́rìn-ín. Ihò tíntìntín wà lára ewé, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tí ewéko fi ń se oúnjẹ ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà sì ni omi ń gbà sá jáde. Cactus, ewéko aginjù ẹlẹ́gùn-ún, máa ń ti ihò yìí lọ́sàn-án, ó di alẹ́ kó tó ṣí i. Omi kò sá lọ, àmọ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò pọ̀, oúnjẹ tó ń sè kò pọ̀, kò sì lè yára dàgbà. Saguaro, cactus ńlá aginjù Arizona ní Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀, kì í ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ lẹ́yìn ọdún 8 àkọ́kọ́. Lithops ti Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà kéré débi pé òkúta lojú ń pè é. Welwitschia ti aginjù Namib lè gbé ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ, ewé méjì péré ló sì ń ní títí ayé rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ewéko kan fara da ọ̀dá, ó tún ń yára ga, ó tún ní ewé fífẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, ẹ di àpò yín mú.

Ẹ̀rí tó ń fi hàn jáde ni fídíò ewéko gbígbẹ kan tó ká jọ, tí wọ́n da omi sí, tó sì ṣí sílẹ̀. Fídíò yẹn kì í ṣe irọ́. Selaginella lepidophylla ni, láti aginjù Chihuahua ní Mẹ́síkò. Ó lè gbẹ títí tí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá lára rẹ̀, kó sì tún tutù padà láàárín wákàtí díẹ̀. Àmọ́ kì í yọ òdòdó, kò sì ní irúgbìn kankan, nítorí náà ẹni tó bá ń ta "irúgbìn" rẹ̀ ti já ara rẹ̀ nírọ́. Ẹ̀tàn mìíràn tún wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra odindi rẹ̀: èyí tó ti kú náà máa ń ṣí bí omi bá kàn án, bí kànìnkànìn gbígbẹ ṣe ń wú nínú omi. Kí ó ṣí kò tó. Ẹ wò ó bóyá ó di àwọ̀ ewé láti àárín wá. Anastatica, ewéko aginjù mìíràn tí wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò rẹ̀, kì í di àwọ̀ ewé padà rárá, egungun ewéko tó ti kú ni wọ́n ń tà.

Àtẹ oníjìbìtì yìí kan náà ni mo ti rí irúgbìn cactus pupa roboto. Orí pupa yẹn kò ní chlorophyll tí ewéko fi ń se oúnjẹ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí cactus mìíràn kó má bàa kú. Ẹ wo irú irúgbìn tó fẹ́ tà!

Ó ti ń yí orúkọ ìsọ̀ rẹ̀ padà, torí náà ẹ má dúró dé orúkọ. Kí ẹ tó sanwó fún ewéko tí ẹ ò rí rí, ẹ bèèrè orúkọ Látìn rẹ̀, kí ẹ sì wá a fúnra yín. Oníṣòwò gidi máa sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Èyí tí mò ń wí yìí ní àṣírí ọjà òun ni, ó sì tún ní ká sanwó síta, kúrò lójú ọjà.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó ya àwòrán ìpolówó náà àti gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ, kó fẹjọ́ sùn lónìí, kó má dúró de kó hù. Àpò tó ti dé ọwọ́ yín, ẹ má gbìn ín. Ní oṣù Keje ọdún 2020, àpò irúgbìn tí ẹnikẹ́ni kò rà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ibẹ̀ sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má gbìn ín, torí a kì í mọ èpò tàbí àrùn tó lè bá a wọlé. Ẹ má dà á sí ààtàn tàbí sínú ọgbà pẹ̀lú, torí ó lè hù níbẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ nínú àpò rẹ̀ ní dídè, kí ẹ pe ọ́fíìsì tó ń rí sí ààbò irè oko lágbègbè yín, wọn á sọ bí ẹ ó ṣe fi lé àwọn lọ́wọ́.