Mo fi dọ́là 120 ra ìrìn-àjò ọjọ́ kan lọ sí Prince Edward Island

Erékùṣù kan ní Kánádà ni. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún àwọn tó mú wa lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí.

Moncton, ìlú kan ní òdìkejì omi, la ti gbéra láago méje àárọ̀, àwa 14 nínú bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì gan-an ló dáa jù láti fi gba orí Confederation Bridge, afárá tó wọ erékùṣù náà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1997. Tó bá jẹ́ mọ́tò kékeré lẹ gbé, ògiri ẹ̀gbẹ́ afárá ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí òkun, bẹ́ẹ̀ kìlómítà 12.9 ni gígùn rẹ̀. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wọlé. Ẹni tó bá ń jáde ló ń sanwó, bíi ti búkà: ẹ jẹun ná.

Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí ọ̀nà oko wa. Irin inú òkúta ibẹ̀ tó dípẹtà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ sì ni ọ̀dùnkún tá à ń pè ní Áírìṣì, tí gbogbo Kánádà fi mọ̀ wọ́n, ti ń jáde. Èmi wọ bàtà funfun lọ ní tèmi. Mo ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, etí rẹ̀ ṣì pọ́n.

Ọmọkùnrin tó mú wa káàkiri mọ ìtàn sọ. Àwọn Mi'kmaq, ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ló ni erékùṣù náà, Epekwitk ni wọ́n ń pè é. Faransé gbà á, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé ní 1758. Ní 1767, lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní London, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí ilẹ̀ náà, wọ́n pín in sí abala 67 fún àwọn èèyàn ńlá. Ọ̀pọ̀ wọn ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Àgbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀ fẹ́ni tí kò mọ̀ lójú, fún ohun tó lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún, títí òfin 1875 fi fipá mú àwọn onílẹ̀ láti tà á. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà baálẹ̀ tó ń gbé e lọ o!

Charlottetown, olú-ìlú ibẹ̀, ló ba ìrìn-àjò náà jẹ́. Wọ́n fi wákàtí kan ààbọ̀ dá wa dúró ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ife àti fìlà. Ilé tí wọ́n ti ṣèpàdé 1864 tó di ìpìlẹ̀ Kánádà, ìta la ti wò ó, torí wọ́n ń tún un ṣe. Mo wá béèrè The Bog, àdúgbò táwọn èèyàn dúdú ń gbé láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ọmọ àwọn tí wọ́n kó wá lẹ́rú. Lọ́dún 1781, wọ́n ṣòfin ní erékùṣù náà pé ìrìbọmi ò lè sọ ẹrú di òmìnira. 1825 ni wọ́n tó fagi lé e. Amọ̀nà wa ní, "Áà, ẹ mọ ìyẹn?" Ó nawọ́ sápá ìwọ̀-oòrùn ìlú, bọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ dẹwọ́ eré. Bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀ ni mo ṣe sanwó.

Lobster wọn, ìyẹn edé ńlá inú òkun, tuntun, ó dùn, àmọ́ kò rí ata sójú. Ata gígún inú báàgì mi ló gbà mí.

Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín ni, ẹ bá wọn lọ. Èmi ń padà lọ lóṣù kẹsàn-án, èmi nìkan, bàtà dúdú ni màá wọ̀.