Àmàlà àti gbẹ̀gìrì lẹ́yìn Ọjà Ọba, Òṣogbo

Búkà yìí kò ní pátákó orúkọ; èéfín igi ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Àmàlà wọn dáa: èlùbọ́ iṣu gidi ni, kò ní kókó. Ṣùgbọ́n gbẹ̀gìrì ló ń gbé mi débẹ̀. Màmá tó ni ín máa ń bó ẹ̀wà náà pátápátá kí wọ́n tó gbé e kaná, wọ́n á wá fi ìjábẹ̀ lù ú títí yóò fi kúnná.

Bàbá mi nìkan ni mo tún mọ̀ tó ń ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá ti Ìbàdàn dé lálẹ́ Sátidé, wọ́n á jókòó ti ẹ̀wà tí a rẹ sómi, wọ́n á máa fọwọ́ ra á, torí pé èèpo ẹ̀wà máa ń jẹ́ kí inú run mí.

Bí àwọn ọmọ màmá yìí bá ti iléèwé dé, tiwọn ni wọ́n á kọ́kọ́ bù, pẹ̀lú ṣàkì tó dáa jù. Oníbàárà kan bínú.

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ebi ló ń pa wọ́n.”

Ata wọn ti pọ̀ jù, àyè ìjókòó há, pọ̀nmọ́ wọn kì í sì í sábà rọ̀. Ẹ tètè lọ o: tí gbẹ̀gìrì bá ti tán, ewédú nìkan ni ẹ ó bá.