Igbó Ọ̀ṣun Lọ́jọ́ Tí Kò Sí Ọdún

Bí ó bá jẹ́ pé nítorí iṣẹ́ ọnà Susanne Wenger, ẹni tí ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ni ẹ ṣe fẹ́ lọ sí igbó Ọ̀ṣun, ẹ má ṣe lọ ní oṣù kẹjọ. Ọdún Ọ̀ṣun dùn, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Arugbá bá ru igbá lọ sí odò, ìpàkọ́ ẹni tó dúró níwájú yín ni ẹ óò máa wò títí tí ẹ óò fi padà sílé. Mo ti lọ lójú ọdún, mo sì ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ lásán tí gbogbo igbó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìlọ kejì yìí ni ojú mi tó ríran.

Igbó náà tó hẹ́kítà 75, àjọ UNESCO sì ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé láti 2005, nítorí náà ẹ má sáré. Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ Adébísí Àkànjí, tó ń ṣe bíríkìlà kó tó di oníṣẹ́ ọnà, ti hàn jù: bí ẹ bá súnmọ́ ọn dáadáa, ẹ óò rí ibi tí sìmẹ́ńtì ti wú bí iṣan ọrùn, àti ibi tí òjò ti fọ̀ ọ́ títí tó fi dà bí eérú.

Nítorí Ìyá Mọ̀ọ́pó ni èmi ṣe máa ń padà lọ. Òun ni òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn obìnrin, ìkòkò mímọ àti aṣọ rírẹ wà lábẹ́ rẹ̀, ère tí Àdùnní ṣe fún un sì ga fíofío ju èèyàn lọ, ó na apá bí ẹni tó fẹ́ fò. Kì í ṣe arẹwà tí àwọn oníkàlẹ́ńdà máa ń yà bí wọ́n bá fẹ́ ya òrìṣà obìnrin. Agbára ni ó fi ṣe ẹwà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí iṣẹ́ amọ̀kòkò àti aláró kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ.

Ayàwòrán ni Àdùnní kó tó di ẹni tó ń mọ ère. Ìlú Graz ní Austria ni wọ́n bí i sí ní 1915, ó kọ́ iṣẹ́ ní Vienna, ó sì bá Ulli Beier, ọkọ rẹ̀, wá sí Nàìjíríà ní 1950. Lẹ́yìn tí ikọ́ ife dá a gúnlẹ̀, ó fara mọ́ Ajagẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ, kò sì fi òrìṣà sílẹ̀ mọ́ títí tó fi kú ní 2009. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin aládìrẹ ni ó ti rí ọ̀nà ìyàwòrán mìíràn: ibi tí ẹ̀kọ láfún bá wà lára aṣọ funfun, ẹ̀lú kò ní lè wọ̀ ọ́, ohun tí aró kò fọwọ́ kàn ni yóò wá di àwòrán. Ó fi ọgbọ́n yìí kọ ìtàn òrìṣà sára aṣọ gbàràmù-gbaramu, níbi tí èèyàn, ẹranko àti igi ti wọnú ara wọn.

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni òyìnbó mọ̀ tó fi ń mọ òrìṣà fún wa. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ń gé igi igbó náà, wọ́n sì ń dọdẹ nínú rẹ̀, ère wọ̀nyí sì wà lára ohun tó lé wọn jìnnà. Ẹjọ́ tèmi yàtọ̀: a máa ń pe gbogbo rẹ̀ ní iṣẹ́ Àdùnní, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó gbẹ́ òkúta àti ti Kàsálì Àkàngbé tó gbẹ́ igi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Níwájú ère kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ẹni tó ń mú yín káàkiri pé ta ló ṣe é.

Irin wà nínú sìmẹ́ńtì ọ̀pọ̀ ère, bí omi bá sì ti ojú sísán wọlé, irin á dípẹtà, á tún là á sí i, nítorí náà ẹ má gun ohunkóhun nítorí fọ́tò. Ẹ má sì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ dání, ọ̀bọ ibẹ̀ kì í tọrọ. Ẹni tó bá ní wákàtí kan péré, kó lò ó lọ́dọ̀ Ìyá Mọ̀ọ́pó, kó fi ilé Àdùnní tó wà ní ọ̀nà Ìbòkun sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.